Òótọ́ Inú Géèmù Ogun, àti Èyí Tí Wọ́n Fi Sílẹ̀

Bí ẹ bá fẹ́ dá àríyànjiyàn sílẹ̀ láàárín àwọn tó ń gbá géèmù ní Àkúrẹ́, ẹ dúró sẹ́yìn ẹni tó ń gbá géèmù ogun lọ́wọ́, kí ẹ ní, "Èyí ò jọ ogun rárá." Ojú ẹsẹ̀ nilé á pín sí méjì. Àwọn kan á ní ta ló ní kó jọ ogun, ṣebí eré ni? Àwọn yòókù á ní bí kò bá ti jọ ogun, kí ni wọ́n wá ń fi ìbọn ṣe níbẹ̀, kí wọ́n kúkú lọ gbá bọ́ọ̀lù. Mo ti gbọ́ ọ ní North Gate àti South Gate yunifásítì FUTA. Mo ti gbọ́ ọ ní Ìjàpọ̀, lọ́dọ̀ àwọn tó ra kọ̀ǹpútà olówó gọbọi sílé. Mo sì ti gbọ́ ọ lẹ́nu àwọn ọmọ sẹ́kọ́ńdìrì tó ń gbá Call of Duty Mobile lórí fóònù ìyá wọn ní Arákàlẹ̀.

Mo fẹ́ràn àwọn géèmù yìí. Ó ti pẹ́ tí mo ti ń gbá wọn, láti ayé Counter-Strike nínú káfè, nígbà tí a máa ń dá owó jọ ra wákàtí kan, tí ẹni tó bá kú á dìde fún ẹlòmíràn. Ohun tí mo sì ti wá gbà gbọ́ ni pé ibi tí kò yẹ ni àwọn méjèèjì yìí ti ń jà. Òótọ́ àti ìgbádùn kì í ṣe orogún. Òótọ́ ogun pọ̀ ju ohun tí géèmù kankan lè gbé. Ẹnikẹ́ni tó bá fẹ́ ṣe géèmù ogun, dandan ni kó mú díẹ̀ kó sì fi èyí tó pọ̀ sílẹ̀. Ohun tó mú àti ohun tó fi sílẹ̀, òun ló yẹ ká máa bá a fà.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ ya ọ̀dọ̀ àwọn tó ní òótọ́ làwọn ń fẹ́. Ní 2001, ilé iṣẹ́ kan ní orílẹ̀-èdè Czech, Bohemia Interactive, gbé géèmù kan jáde tó ń jẹ́ Operation Flashpoint. Erékùṣù ńlá ni wọ́n ju èèyàn sí, sọ́jà kan ṣoṣo lo sì jẹ́ níbẹ̀. O lè rìn títí kí o má rí ẹnì kankan, koríko àti òkè nìkan. Lẹ́yìn náà ni ọta kan á ti inú igbó tí o ò kíyè sí wá, ọ̀rọ̀ á sì parí. Ọta kan ṣoṣo tó. Láti ibẹ̀ ni ilé iṣẹ́ náà ti bọ́ sórí Arma, tí ẹ̀kẹta rẹ̀ jáde ní 2013. Wọ́n tún ṣe ẹ̀yà kan tó ń jẹ́ VBS, tí àwọn ọmọ ogun Amẹ́ríkà àti ti Ọsirélíà ti fi kọ́ àwọn sọ́jà wọn. Nítorí náà, bí ẹni tó ń gbá Arma bá ní tòun jọ ogun, ó ní ẹ̀rí lọ́wọ́.

Nǹkan kan wà nínú Arma tí mi ò rò pé mo lè fi ẹnu sọ adùn rẹ̀ tán. Bí wọ́n bá yìnbọn sí ọ láti òkèèrè, ohun tí wàá kọ́kọ́ gbọ́ ni "pàà!" lẹ́bàá etí. Ó ṣe díẹ̀ kí ìró ìbọn fúnra rẹ̀ tó dé, "gbùù", láti ẹ̀yìn òkè. Bó ṣe rí lójú ayé gan-an nìyẹn. Ohùn ń rìn ní nǹkan bíi mítà 340 ní ìṣẹ́jú àáyá kan, bẹ́ẹ̀ ọta AK-47 ń jáde lẹ́nu ìbọn ní nǹkan bíi mítà 715. Ọta á ti kọjá kí ìró rẹ̀ tó dé. Ẹni tó bá ti mọ̀ ọ́n á tẹ́tí sí àlàfo tó wà láàárín ìró méjèèjì, á sì fi mọ bí ẹni tó ń yìn ín ṣe jìnnà tó. Ìgbà àkọ́kọ́ tí mo ṣe é, tí mo dojú bolẹ̀ nínú koríko, tí mo mọ òkè tí ọ̀tá wà láìrí i, inú mi dùn dé ibi tí headshot, ìyẹn ọta tó bá orí ọ̀tá, ò tíì mú mi dé rí. Nítorí náà, bí ẹnì kan bá sọ fún mi pé òótọ́ máa ń ba adùn jẹ́, mi ò ní gbà.

Ẹ̀gbẹ́ kejì náà ní tiwọn. Call of Duty àkọ́kọ́ jáde ní 2003. Bí wọ́n bá yìn ọ́ níbẹ̀, o ní láti wá àpótí oògùn kiri. Nígbà tí ẹ̀kejì dé ní 2005, wọ́n kó àpótí oògùn kúrò. O kàn máa sá sẹ́yìn ògiri, wàá mí díẹ̀, pupa tó bo ojú tẹlifíṣọ̀n á ṣí kúrò, ara rẹ á sì dá. Ọgbẹ́ kankan kì í jinná bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ wo iṣẹ́ tó ṣe: ẹni tó ṣe géèmù náà mọ̀ pé ní ìbẹ̀rẹ̀ ìjà kọ̀ọ̀kan, ara rẹ á ti pé. Ó lè wá to ìjà náà bó ṣe fẹ́, kó le dáadáa, nítorí kò sí pé o wọlé pẹ̀lú ẹ̀mí ìdajì. Ní 2007, Call of Duty 4 mú tirẹ̀ dé. Bí o bá pa èèyàn mẹ́ta láìkú, wàá rí ibi tí àwọn ọ̀tá wà lórí máàpù. Bó bá di márùn-ún, ọkọ̀ òfuurufú á wá ju bọ́ǹbù. Bó bá di méje, hẹlikópítà dé. Kò sí ọmọ ogun kankan láyé tó ń fi hẹlikópítà dá sọ́jà lọ́lá nítorí ó pa èèyàn méje, gbogbo wa la mọ̀. Síbẹ̀, ní ìrọ̀lẹ́ tí mo bá ti ibi iṣẹ́ dé tí orí mi gbóná, Call of Duty ni mo máa ń tan. Mi ò lè máa rìn nínú koríko fún ìdajì wákàtí lẹ́yìn tí mo ti bá sún-kẹrẹ-fà-kẹrẹ Ọjà Ọba jà.

Counter-Strike tiẹ̀ wà láàárín méjèèjì. AK inú rẹ̀ máa ń fò sókè bí o bá di ohun tí a fi ń yìn ín mú, lẹ́yìn náà á máa rá sí òsì, sí ọ̀tún. Ṣùgbọ́n bákan náà ló ń rá ní gbogbo ìgbà. O lè fi ọwọ́ kọ́ ọ bí ẹní kọ́ ìlù. Ìbọn gidi kì í ní irú ètò yẹn, ẹnikẹ́ni tó bá ti yìn ín rí á sọ fún ọ. Ohun tí wọ́n fi rọ́pò òótọ́ níbẹ̀ ni ìdájọ́ òdodo: ẹni tó bá fi àkókò kọ́ ọ ló máa borí, kì í ṣe ẹni tí orí ṣe é fún. Òótọ́ kan wà tí wọn ò yọ, ó sì dára bí wọn ò ṣe yọ ọ́. AK ń yọ nǹkan bí ọta 600 ní ìṣẹ́jú kan, ọgbọ̀n ọta ló sì wà nínú àpò rẹ̀. Bí ẹ̀rù bá bà ọ́ tí o ò fi ọwọ́ sílẹ̀, ìṣẹ́jú àáyá mẹ́ta péré ló máa tán. Gbogbo ọmọ tuntun ló ń kú sí orí òótọ́ yẹn.

Nígbà tí a wà lọ́mọdé, a máa ń fi igi ṣe ìbọn, a ó pín ara wa sí ọmọ ogun méjì yí ilé po. Ìjà tí a máa ń jà níbẹ̀ kì í ṣe ti ogun. "Mo ti yìn ọ́!" "O ò bà mí!" "Ó bà ọ́, orí ló bà ọ́!" Títí ẹni tó dàgbà jù láàárín wa fi ṣòfin pé ẹni tí wọ́n bá ti yìn, kó jókòó, kó ka ení, èjì títí dé ogún, kó tó dìde. Ẹnikẹ́ni ò kọ́ wa. A ò tíì rí géèmù orí kọ̀ǹpútà nígbà náà. Bí a kò bá ṣòfin náà, eré á dàjà, ẹnì kan á sì sunkún relé. Mo máa ń rántí rẹ̀ bí ẹnì kan bá ń fi respawn ṣẹ̀sín, ìyẹn bí ẹni tó kú nínú géèmù ṣe máa ń padà wá. Eré ò ní dúró láìsí irú òfin bẹ́ẹ̀, yálà igi lo mú lọ́wọ́ tàbí pádì.

Bàbá kan ló dá èrò mi dúró. Àkúrẹ́ ni 32 Artillery Brigade wà, nítorí náà kì í ṣe ohun tó ṣọ̀wọ́n láti bá ọ̀gágun tàbí sọ́jà tó ti fẹ̀yìn tì pàdé nílùú yìí, èyí tó jẹ́ pé ìbọn ńláńlá tí wọ́n ń pè ní àtílárì ló bá ṣiṣẹ́. Bàbá yìí máa ń wá mú ọmọ-ọmọ rẹ̀ ní ṣọ́ọ̀bù géèmù kan lọ́nà Ọ̀bà-Ilé. Lọ́jọ́ kan, ọmọkùnrin kan ń gbá Insurgency: Sandstorm, ó sì ń ṣàlàyé fún gbogbo wa pé òun ló jọ ogun jù, nítorí kì í fi iye ọta tó kù hàn ọ́. Ìwọ lo máa fọkàn kà á.

"Bàbá, ẹ wò ó, kò sí nọ́ńbà kankan níbí o."

Bàbá tẹjú mọ́ tẹlifíṣọ̀n náà dáadáa. "Ó dára. Ẹrù rẹ dà?"

"Ẹrù wo, sà?"

"Omi rẹ. Oúnjẹ. Ohun tí o máa fi bora lálẹ́. Ta ló ń ru ọta tí o máa yìn lọ́la?"

Ọmọ náà rẹ́rìn-ín, ó ń gbá a lọ. Láìpẹ́, ọ̀kan nínú àwọn tí wọ́n jọ wà lẹ́gbẹ́ kan náà ṣubú sẹ́nu ọ̀nà, àwọn yòókù fò ó kọjá.

"Èyí tó ṣubú ńkọ́?"

"Ó ti kú, sà. Tí a bá ti gba ibi tó kàn, ó máa padà wá."

"Mi ò bèèrè bóyá ó máa padà wá. Ta ló gbé e?"

Kò sí ẹni tó dá a lóhùn. Bàbá ò bínú o, ó jókòó, ó ń sọ̀rọ̀ bí ẹni tó ń rántí ibi iṣẹ́. Ó ní nínú gbogbo ọdún tí òun fi ṣiṣẹ́ náà, òun ò rí ojú ẹni tí àwọn ń yìnbọn sí. Ẹnì kan wà níwájú tó ń fi rédíò sọ ibi tí ọ̀tá wà. Ẹnì kan wà tó ń ṣírò, tó ń wo afẹ́fẹ́ àti bí ibẹ̀ ṣe jìnnà. Àwọn tó kù ń gbé. Ọta àtílárì mìlímítà 155 lé ní kìlógíráàmù 40, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó àpò sìmẹ́ńtì kan. Wàá gbé e, wàá ti í sí ìdí ìbọn, wàá bo etí rẹ, wàá tún lọ gbé òmíràn. Bí kò bá sì sí àṣẹ, wàá jókòó. Ó ní jíjókòó yẹn ló pọ̀ jù nínú iṣẹ́ sọ́jà, kò sì sí ẹni tó ń kọ́ èèyàn bí wọ́n ṣe ń jókòó.

Mo ronú sí ọ̀rọ̀ yìí gan-an. Nínú ogun àgbáyé méjèèjì, irú ìbọn ńlá bẹ́ẹ̀ ló pa sọ́jà jù, kì í ṣe ìbọn ọwọ́. Nínú ọ̀pọ̀ géèmù wa, ẹ̀bùn ni, bọ́tìnnì kan tí wọ́n ń tẹ̀. Ojú ẹni tó di ìbọn ọwọ́ mú nìkan ni wọ́n ń gbà wo ogun. Òun náà ni àwọn tó ń pariwo òótọ́ ń wò. Wọ́n á jà lórí bóyá ohun tí a fi ń yìnbọn tẹ̀ dáadáa, lórí bí ìkarahun ọta ṣe ń fò jáde sí ọ̀tún. Kò sí ẹni tó ń bèèrè ẹni tó ń gbé ẹni tó ṣubú.

Lẹ́yìn náà ni Bàbá gba pádì lọ́wọ́ ọmọ-ọmọ rẹ̀, wọ́n jọ gbá Call of Duty lórí PS4. Kò mọ̀ ọ́n gbá, ó ń yìn sí òkè, inú rẹ̀ sì dùn. Ó ní òun fẹ́ràn èyí ju ti àkọ́kọ́ lọ. "Èyí ò sọ pé òun ni ogun."

Mo gba ìdajì ọ̀rọ̀ yẹn. Ìdajì kejì ni mo fẹ́ bá a fà, bó tilẹ̀ jẹ́ pé mi ò fà á níwájú rẹ̀, nítorí ọjọ́ orí rẹ̀. Géèmù tó ní òun jọ ogun ò purọ́ bí ohun tó mú bá ṣe pàtàkì. Ẹ wo America's Army, tí àwọn ọmọ ogun Amẹ́ríkà fúnra wọn ṣe ní 2002, lọ́fẹ̀ẹ́, láti fi fa àwọn ọ̀dọ́ wọṣẹ́. Ẹ̀jẹ̀ inú rẹ̀ kò tó nǹkan, nítorí wọ́n fẹ́ kí àwọn tí kò tíì pé ọmọ ogún ọdún lè gbá a. Mo ka ìyẹn sí fífi òótọ́ pamọ́, nítorí ẹni tó ń pe ọmọ aláìgbọ́n sójú ogun ló yẹ kó kọ́kọ́ fi ọgbẹ́ hàn án. Bí àwọn àgbà wa ṣe wí ni: ọmọdé ò mọ ogun, ó ní kógun ó wá, ó ní bógun bá dé òun á kó síyàrá ìyá òun. Ṣùgbọ́n nínú géèmù kan náà, bí o bá fẹ́ ṣe olùtọ́jú àwọn tó fara gbọgbẹ́, o ní láti jókòó sí kíláàsì, kí wọ́n kọ́ ọ bí a ṣe ń dá ẹ̀jẹ̀ dúró, kí o sì ṣe ìdánwò. Ní 2007, ọkùnrin kan ní North Carolina bá ọkọ̀ tó dojú dé lójú ọ̀nà, ohun tó kọ́ nínú kíláàsì géèmù náà ló fi tọ́jú ọgbẹ́ ẹni tó fà jáde níbẹ̀. Wọ́n ti géèmù náà pa ní 2022. Nínú gbogbo ohun tó wà nínú rẹ̀, kíláàsì yẹn ni mo kà sí òótọ́ jù, bẹ́ẹ̀ ìbọn kankan ò sí níbẹ̀.

Ohun tó tún wù mí bẹ́ẹ̀ ni àfikún kan tí wọ́n ṣe sí Arma 3 ní 2017, Laws of War. Ẹgbẹ́ Red Cross ti ń bá àwọn tó ń ṣe géèmù sọ̀rọ̀ ṣáájú pé kí òfin ogun wà nínú géèmù ogun: kí ẹni tó bá pa ará ìlú tàbí ẹni tó ti jọ̀wọ́ ara rẹ̀ rí ìyà rẹ̀. Bohemia gbọ́. Nínú àfikún náà, òṣìṣẹ́ ìrànwọ́ tó ń hú bọ́ǹbù inú ilẹ̀ lo jẹ́, nínú abúlé kan tí ogun ti tú. O máa ń rìn láti ilé dé ilé, o ń rí ohun tí ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan ṣe níbẹ̀. Wọ́n fún Red Cross nínú owó tó wọlé. Mo gbá a tán, mi ò sì lè jókòó ti géèmù mìíràn ní ọjọ́ náà. Mo fi í wé Modern Warfare 2 ti 2009, tó kó èrò sí pápákọ̀ òfuurufú, tó sì fi ọ́ sáàárín àwọn apániláyà tó ń pa wọ́n. Géèmù náà bi ọ́ bóyá o fẹ́ fo ibẹ̀. Mo máa ń fò ó. Ará ìlú wà níbẹ̀, ṣùgbọ́n kí wọ́n lè kú ni wọ́n ṣe wà.

Ní ìpínlẹ̀ wa níbí, ọ̀rọ̀ yìí ò lè rí bó ṣe rí fún ẹni tó ń gbé ibi tí kò sí ìbọn. Ní ọjọ́ 5 oṣù Kẹfà ọdún 2022, ọjọ́ Ìsinmi Pẹ́ńtíkọ́sì, àwọn agbébọn wọ ṣọ́ọ̀ṣì Kátólíìkì St. Francis ní Ọ̀wọ̀. Ó kéré tán, èèyàn 40 ló kú níbẹ̀. Ọ̀wọ̀ ò jìnnà sí wa. Kò sí àdúgbò kan ní Àkúrẹ́ tí ẹnì kan ò ti mọ ẹnì kan ní Ọ̀wọ̀. Ṣọ́ọ̀bù géèmù tí mo ń lọ nígbà náà máa ń gbé sípíkà ńlá síta kí àwọn tó ń kọjá lè gbọ́. Ní ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, ìyá tó ń ta ata ní iwájú ibẹ̀ dìde, ó wọlé, ó sì dúró sí ẹnu ọ̀nà pẹ̀lú ọwọ́ tó ti fi kó ata.

"Ẹ̀yin ọmọ mi, ẹ jọ̀ọ́, ẹ yí i sílẹ̀. Mo mọ̀ pé géèmù ni. Ẹsẹ̀ mi ni kò mọ̀."

Ẹni tó ni ṣọ́ọ̀bù yọ wáyà sípíkà náà. Ó ra ìbotí fún ìjókòó kọ̀ọ̀kan kí oṣù náà tó parí, sípíkà ò sì jáde síta mọ́ títí ó fi kó kúrò níbẹ̀. Ìbọn ní apátí, kò ní apátí, ta ní jẹ́ jẹ́ ká kọjú ìbọn kọ òun? Àwọn tó ń ṣe géèmù ń náwó rẹpẹtẹ, wọ́n ń gbé makirofóònù lọ síbi tí wọ́n ti ń yìnbọn, kí ìró rẹ̀ lè jọ ti gidi. Mo mọ iyì iṣẹ́ náà, mo ti sọ tẹ́lẹ̀ bí ìró inú Arma ṣe dùn mọ́ mi tó. Ṣùgbọ́n ìyá aláta náà wà nínú òótọ́ ogun ju èmi tí mo ń gbá a lọ, mi ò sì tíì rí géèmù kan tó fi í ṣe ẹni tí à ń gbá.

Mo fẹ́ sọ bí àwọn géèmù orí fóònù tí àwọn ọmọ wa ń gbá ṣe bẹ̀rẹ̀, nítorí àwọn tó ń fi Arma ṣẹ̀sín pé ó ń sú èèyàn kì í sábà mọ̀ ọ́n. Dean Hall, ọmọ New Zealand tó ti ṣe sọ́jà rí, ló gbé DayZ jáde ní 2012 lórí Arma 2. Ebi ń pa ọ́ níbẹ̀, òùngbẹ ń gbẹ ọ́, bí o bá sì kú, gbogbo ohun tí o kó jọ ti lọ. Brendan Greene, ọmọ Ireland, wá mú ìyẹn, ó sọ ọ́ di ìdíje tí ẹnì kan ṣoṣo á kù. Láti ibẹ̀ ló ti di PUBG ní 2017, èèyàn 100 lórí erékùṣù kan. Free Fire, tí fóònù kékeré náà lè gbé, tẹ̀ lé ọ̀nà kan náà. Inú géèmù tí wọ́n ní kò ládùn ni adùn tó gba gbogbo ayé ti jáde. Ohun tí wọ́n sì mú níbẹ̀ kì í ṣe bí ìbọn ṣe wúwo. Òótọ́ kan ṣoṣo ni wọ́n mú: bí o bá kú, o ti kú, ó di ìdíje mìíràn. Òun ló mú kí ọmọ tó ń sáré kiri nínú Call of Duty máa rákò níbí, kó dákẹ́, kó máa tẹ́tí sí ẹsẹ̀ ní òkè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì. Bí ọdẹ bá ro ìṣẹ́ ro ìyà, bó bá pa ẹran kò ní fún ẹnì kan jẹ. Ẹ wo ojú ẹni tó fi ogún ìṣẹ́jú kó ẹrù jọ nínú PUBG, tí wọ́n wá yìn ín láti ojú fèrèsé.

Ti nẹ́tíwọ́ọ̀kì, mi ò ní pẹ́ lórí rẹ̀. Sáfà, ìyẹn kọ̀ǹpútà tó ń so àwọn tó ń gbá géèmù pọ̀, èyí tó sún mọ́ wa sábà máa ń wà ní South Africa tàbí Yúróòpù. Nínú géèmù tó yára, wọ́n á ti pa ẹni tó wà ní Àkúrẹ́ kó tó rí ẹni tó pa á. Nínú èyí tó falẹ̀, tí ibi tí o dúró sí àti bí o ṣe mọ̀ ọ́n dúró tó bá ṣe pàtàkì ju ìka lọ, a máa ń rí ẹ̀tọ́ wa gbà díẹ̀. Òótọ́ tó falẹ̀ ti jà fún mi ní ọ̀pọ̀ alẹ́.

Géèmù kan wà tí mo fẹ́ kí ẹnì kan ṣe. Ogun Kírìjì bẹ̀rẹ̀ ní 1877, Ìbàdàn kọjú sí Èkìtìparapọ̀. Wọ́n fọwọ́ sí ìwé àlàáfíà ní ọjọ́ 23 oṣù Kẹsàn-án ọdún 1886, síbẹ̀ ó di 1893 kí àgọ́ tó tú. Ọdún 16! Àwọn tó wà ní àgọ́ kọ́lé síbẹ̀, wọ́n dáko, wọ́n bímọ. Jíjókòó tí Bàbá sọ nìyẹn. Ní ìbẹ̀rẹ̀, ìbọn tí wọ́n ń ki láti ẹnu ló pọ̀ lọ́wọ́ wọn. Wàá da ẹ̀tù sí i, wàá fi ọ̀pá kì í mọ́lẹ̀, wàá kó ọta sí i, wàá tún dá ojú rẹ̀ sọ́nà kí o tó yìn ín, gbogbo àsìkò yẹn ni àyà rẹ wà níta. Lẹ́yìn náà ni àwọn ọmọ Èkìtì àti Ìjẹ̀ṣà tó wà ní Èkó fi ìbọn tuntun ránṣẹ́ sílé, èyí tí wọ́n ń ki láti ìdí, ọ̀nà Oǹdó níbí sì ni ẹrù bẹ́ẹ̀ ń gbà. Ẹ fojú inú wo ohun tí ìyàtọ̀ yẹn lè ṣe nínú géèmù. Ẹni tó ní ìbọn àtijọ́ ní ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo, kó tó tún sápamọ́. Ẹni tó ní tuntun lè yìn léraléra, bí ọta bá ti wà.

Bí ọta bá ti wà. Mo sọ fún àwọn ọ̀dọ́ kan tó ń kọ́ iṣẹ́ kọ̀ǹpútà pé ẹni tí mo fẹ́ kí wọ́n kọ́kọ́ jẹ́ kí èèyàn gbá ni alárù. Ó ru àpótí sórí, ó ń gba inú igbó Oǹdó lóru, ó gbọ́ ìró ìbọn níwájú, kò sì mọ̀ bóyá ọdẹ ni tàbí ogun. Ṣé á sọ ẹrù sílẹ̀ kó sá? Ọta tí alárù bá gbé dé àgọ́ nìkan ni àwọn tó wà níbẹ̀ máa ní. Bí ẹnì kankan ò bá fẹ́ ru ẹrù, ìbọn tuntun á dákẹ́, gbogbo wọn á sì padà sórí ṣakabùlà. Wọ́n ní kò sí ẹni tó máa fẹ́ gbá alárù nígbà tí ìbọn wà nílẹ̀. Mo ní kí wọ́n dán an wò ná, kí ẹrù náà wúwo lọ́wọ́ ẹni tó ń gbá a, kí ẹsẹ̀ rẹ̀ máa falẹ̀ lórí òkè, kí wọ́n wá wò bóyá ọkàn rẹ̀ ò ní máa lù ju ti ẹni tó ń yìnbọn lọ.

Ọ̀kan nínú wọn, tó ti dákẹ́ láti ìbẹ̀rẹ̀, wá béèrè pé bí alárù bá ta ẹrù náà lójú ọ̀nà ńkọ́. Mo ní kó kọ ọ́ sí i.